Pẹ́ẹ̀gì Pupa ní Midrand

Bí ẹ bá ń wá ṣọ́ọ̀bù Dáramọ́lá ní Newtown lọ́dún 1993, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pẹ̀lú nọ́ńbà ilé. Ẹ dúró, ẹ fetí sílẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ọkùnrin kan tó ń bú rédíò bí ẹni ń bú orogún ìyá rẹ̀, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn. Ọmọ Iléṣà ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu ló mọ̀ ọ́n lò jù. Bí òyìnbó bá gbé tẹlifíṣọ̀n wá, á ní, "Ọ̀gá, ta ló pa á kí ẹ tó gbé òkú rẹ̀ tọ̀ mí wá?" Bí ọlọ́pàá bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní bí kò bá ti ní rédíò tó bàjẹ́, kó yéé dí òun ní afẹ́fẹ́. Kò bẹ̀rù ọmọ ènìyàn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rẹ ohùn sílẹ̀ fún: Sàlísù, ọmọ Ìwó, bàbá ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ fara ti ti Dáramọ́lá. Aago ọwọ́ ni Sàlísù ń tún ṣe. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ní dígí kékeré kan tó máa ń há sí ojú ọ̀tún bó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti há a sójú báyìí, ilé ì báà máa jó, á kọ́kọ́ mú ìṣó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ihò ná.

Bí bàbá tó ń kírun márùn-ún lójúmọ́ ṣe di ẹni tó ń fi ọkọ̀ kékeré díje, kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ẹ̀. Ó ní oníbàárà kan ló gbé ọkọ̀ náà wá kí òun bá a wo jíà rẹ̀, tó sì fi í tọrẹ nígbà tó ń kó lọ sí Durban. Ó gùn tó láti ìgúnpá dé orí ìka. Bátìrì ló ń mú un sáré, rìmóòtù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ẹ má pè é ní ohun ìṣeré lójú Sàlísù o: nǹkan tó lè já wọ inú èèyàn bí ajá tí wọ́n tú sílẹ̀! Láàárín ọdún kan, Dáramọ́lá náà ti ra tirẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni àwọn méjèèjì ń wọ mọ́tò Sàlísù lọ sí Midrand, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń sá eré náà lórí ilẹ̀ ọ̀dà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tó máa ń tì lọ́jọ́ náà. Nínú èèyàn bí ogún, àwọn méjèèjì nìkan ni dúdú.

Sátidé ni ọjọ́ ìtọ́jú. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Sàlísù á tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì nínú ilé, á tú ọkọ̀ náà palẹ̀ bí ẹran iléyá. Á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n gbọn eruku ara rẹ̀. Á yọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Á kó bẹ́ríìnì wọn, àwọn òrùka irin kéékèèké tí ẹsẹ̀ ń yí lé lórí, sínú agolo kẹrosíìnì, á mì wọ́n, á nù wọ́n gbẹ, lẹ́yìn náà á fi orí abẹ́rẹ́ kán òróró aago sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán kan péré. "Bí o bá kán ìkejì," á ní, "eruku lo ń pè wá jẹun." Á ya ìwé ìròyìn tẹ́ẹ́rẹ́, á fi sáàárín jíà méjì, á fún wọn pọ̀, á fa ìwé náà jáde. Bí ìwé bá ká tí kò ya, àyè tó wà láàárín wọn dọ́gba. Á so bátìrì mọ́ gílóòbù kékeré kan títí iná rẹ̀ á fi kú, nítorí bátìrì tí kò bá rẹ̀ délẹ̀ kì í jẹun yó. Wáyà ló ń kẹ́yìn. Á há dígí sójú, á máa fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fa etí ọmọ tí kò ṣẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Dáramọ́lá á ní, "ẹ kúkú gbé e pọ̀n."

"Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́ lórúkọ," ìyàwó Sàlísù á dá a lóhùn láti ilé ìdáná. Salamot ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n Ìyá Tesleem ni Dáramọ́lá ń pè é, nítorí ọmọ wọn tó wà ní Ìwó.

Sàlísù ò ní gbójú sókè. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí o ò bá tú wò nílé, á tú ẹ wò lójú agbo."

Ohun kan wà nínú eré náà tí wọn kì í fi ṣe àwàdà. Inú rìmóòtù kọ̀ọ̀kan ní irin pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná lọ, kírísítà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń fún rìmóòtù ní ohùn tó fi ń pe ọkọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Bí rìmóòtù pupa méjì bá pe ọkọ̀ pupa kan lẹ́ẹ̀kan náà, wèrè ni ọkọ̀ yẹn máa ya. Nítorí èyí ni pátákó kan ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí wọ́n há pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ mọ́, ọ̀kan péré fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ tan rìmóòtù pupa, kó kọ́kọ́ lọ mú pẹ́ẹ̀gì pupa, kó fi há kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Bí kò bá bá a lórí pátákó, ẹlòmíì ń lò ó: kó pa ọwọ́ mọ́. Magdalene, òyìnbó obìnrin kan tó ti lé lógójì ọdún, ló ń ṣọ́ pátákó náà, òun ló sì ń ka iye ìgbà tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yí pápá po.

Pupa ni Sàlísù. Pupa náà ni Dáramọ́lá, nítorí Sàlísù ló fún un ní kírísítà kejì tó ní lọ́jọ́ tó ra ọkọ̀. "A ò ní lè jọ sáré pọ̀ láéláé," bàbá náà ní. "Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá ń sá, mà á máa wò ẹ́. Nígbà tí mo bá ń sá, kí ìwọ náà máa wò mí."

Wàyí o, Sátidé kan dé tí Dáramọ́lá ò tú ọkọ̀ tirẹ̀ wò. Bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n oníbàárà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ó ní òun ń dán an wò. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, eruku ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ iwájú sì ń lọ́ra láti yà. Sàlísù wà lórí pápá, pẹ́ẹ̀gì pupa wà ní kọ́là rẹ̀. Dáramọ́lá ló yẹ kó sá tẹ̀ lé e. Ó ti orí bọ búùtù mọ́tò, ó ń fi ìka ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní kí òun kàn tan rìmóòtù wò, ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí òun mọ̀ bóyá ó máa yà. Pẹ́ẹ̀gì wo ni ẹni tó ti orí bọ búùtù fẹ́ rántí?

Ó tan án. Ó tẹ ìfà rẹ̀, èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré, dé òpin.

Igbe ló gbọ́.

Nígbà tó fi máa yọ orí jáde, ọkọ̀ Sàlísù ti fo ẹgbẹ́ pápá, ó ti sáré lọ tààrà kọlu ọrùn ẹsẹ̀ Magdalene níbi tó jókòó sí, ọkọ̀ náà sì dojú bolẹ̀ níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń yí lójú òfo. Ọwọ́ Dáramọ́lá ló kọ́kọ́ lóye. Ọwọ́ náà pa rìmóòtù, ó fi tówẹ́lì bò ó. Ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń lóye ohun tí ọwọ́ ṣe.

Magdalene jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mú, ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Síbẹ̀ ó rántí iṣẹ́ rẹ̀. "Ta ló tan rìmóòtù?" ó bèèrè. "Ta ló tún ní pupa?"

Ojú gbogbo wọn yí sí Dáramọ́lá.

Ẹnu tí kì í bẹ̀rù wá ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà. "Tèmi wà nínú búùtù, ó ti kú tipẹ́," ó ní lédè Gẹ̀ẹ́sì, ketekete, kí gbogbo wọn lè gbọ́. Kó sì jẹ́ ibẹ̀ ló dúró sí! Rárá o. Ó fi kún un: "Wáyà ni. Mo ti ń sọ fún bàbá yìí. Àgbà ti dé sí i, ojú rẹ̀ ò rí nǹkan kéékèèké mọ́."

Sàlísù wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó gbójú sókè nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò bínú. Ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n ka lẹ́tà tirẹ̀ sí létí. Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wò wọ́n pẹ́.

Lójú ọ̀nà sílé, Dáramọ́lá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú. Ó ní bí òun bá jẹ́wọ́, àwọn òyìnbó yẹn á ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí, wọn ò ní gba dúdú mọ́ nínú ẹgbẹ́. Òun kúkú ń gba àwọn méjèèjì sílẹ̀ ni. Irọ́ gbuu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́. Ojú ló ń tì í, ó sì ń wá agbádá tó fẹ̀ tó láti fi bo ìtìjú náà.

Lọ́jọ́bọ̀, Ìyá Tesleem wọlé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò jókòó.

"Dáramọ́lá, o gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ lónìí?"

"Mi ò gbọ́, mà. Ohùn wọn kì í kúkú ròkè."

"Aago àwọn èèyàn ló ń dá padà. Èyí tó ti tú àti èyí tí kò tíì tú. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ bá ẹlòmíì, pé ojú òun ti ń ṣú, òun ò fẹ́ ba ti oníbàárà jẹ́." Ó fi etí ìborùn nu imú. "Ogójì ọdún tí ọkùnrin yẹn ti ń tún aago ṣe! Ojú tó ń rí irun nínú ọbẹ̀ mi! Ta ló sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń ṣú?"

Dáramọ́lá gbé rédíò kan tí kò bàjẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Mo ń gbọ́ yín, mà."

"Ó ti tú ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta láti ọjọ́ Ajé, kò rí àléébù kankan. Ó ní ìyẹn gan-an ni àmì, pé àléébù wà níbẹ̀, ojú òun ni kò rí i. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ wáyà. Wá bá a wò ó ní Sátidé. Bí o bá rí nǹkan, wí. Bí o ò bá rí, wí. Kó ṣáà lè sinmi."

"Mà á wá," Dáramọ́lá ní. Ó ń sọ fún rédíò.

Ó wá. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì bó ṣe máa ń wà, ọkọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Sàlísù fa àga fún un, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó fún un ní ìjókòó tirẹ̀, lábẹ́ iná, ó gbé dígí ojú náà sí iwájú rẹ̀.

"Ìwọ ni ọ̀gá lónìí," ó ní. "Tú u. Mà á máa wò ẹ́."

Ẹ gbọ́, ìyà kan wà tí kò ní pàṣán. Dáramọ́lá tú ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Bẹ́ríìnì mọ́ tónítóní, ẹ̀kán òróró kan ń dán nínú rẹ̀. Ó tú ìkejì: ó mọ́. Ìkẹta, ìkẹrin: ó mọ́. Ó fi ìwé sáàárín jíà, ó yí i, ó fà á yọ. Ìwé ká, kò ya. Ohun gbogbo tó bá fọwọ́ kàn ló ń jẹ́rìí sí bàbá náà, ó sì ń tọ́ka sí òun. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Sàlísù ń bèèrè, jẹ́jẹ́, bí aláìsàn tó ń bèèrè lọ́wọ́ dókítà:

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ó dáa, sà."

"Wò ó dáadáa. Má ṣàánú mi."

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Ó dáa!"

"Hùn-ún." Ó pa ọwọ́ lé orókún. "Kí ló wá ṣe obìnrin yẹn léṣe? Ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ dáa, kí ló dé tó já lọ?"

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó sọ ọ́. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ dé etí eyín, ó wo ojú bàbá náà, ó gbé e mì.

Wọ́n pe ìrun Màgíríbì. Sàlísù dìde lọ ṣe àlùwàlá, ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Omi ń dún nílé ìwẹ̀. Níbẹ̀ ni èrò kan ti wọlé sọ́kàn Dáramọ́lá, ó dùn, ó tutù bí omi àmù: bàbá yìí ń wá àléébù, fún un ní àléébù! Fún un ní ẹyọ kan, kékeré, tí kò sẹ́ni tí ì bá rí i, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó mú ẹ̀mú. Wáyà éríà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọkọ̀ fi ń gbọ́ ohùn rìmóòtù, ó mú un nídìí níbi tí lẹ́ẹ̀dì, òjé tí wọ́n fi iná yọ́, ti dì í mú, ó yí i, ó já a. Kò dún. Ó dá ẹ̀mú padà sí ipò rẹ̀.

Nígbà tí Sàlísù kírun tán tó padà wá, ó bá Dáramọ́lá tó dìde dúró.

"Ẹ̀gbọ́n! Mo rí i! Ẹ wá wo ibí! Éríà ni. Ó já nídìí, inú ló fara pa mọ́ sí. Àní wòlíì ò lè rí èyí! Ṣé ẹ rí i báyìí pé kì í ṣe ẹ̀bi yín?"

Sàlísù tẹrí ba sórí tábìlì. Ó wò ó fúngbà díẹ̀, láìgbé dígí sójú. Lẹ́yìn náà ó jókòó, kì í ṣe sórí ìjókòó tirẹ̀, sórí àga àlejò ni.

"Ó já lóòótọ́," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fa wáyà yìí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú dígí. Mi ò rí i." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí òkú. "Ó tán nìyẹn. Mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá ìwọ náà ò ní rí nǹkan kan, mà á ṣì máa bá aago lọ. O ṣeun. Ó sàn kéèyàn mọ̀. Lọ́la, mà á bá ẹ dé Midrand, mà á dá nọ́ńbà tí wọ́n fún ọkọ̀ mi padà fún wọn. Ní ọjọ́ Ajé, mà á ti ṣọ́ọ̀bù pa."

Nílé ìdáná, Ìyá Tesleem gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ nígbà tó kan àwo.

Dáramọ́lá ò mọ bó ṣe délé. Ohun tó mọ̀ ni pé ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, kò bọ́ bàtà, àfi bíi pé ẹnì kan ti gba awọ ojú rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló kọ́kọ́ fọ́ bàbá náà lójú, pẹ̀lú ẹnu. Ó tún padà wá fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ẹ̀mú, ó sì pe ìyẹn ní àánú.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dé Midrand. Magdalene ń tiro, báńdéèjì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ka òfin fún gbogbo èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Sàlísù dúró lẹ́yìn, nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sí méjì. Obìnrin náà ò tíì ka òfin kejì nígbà tí Dáramọ́lá jáde síwájú, ó yọ pẹ́ẹ̀gì pupa kúrò lórí pátákó, ó gbé e sókè.

Ó ti ń tò ó láti àárọ̀, bó ṣe máa sọ ọ́: á fi àwàdà ṣíwájú, á fi ẹ̀bẹ̀ kẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ẹnu tí ọlọ́pàá ò lè pa mọ́, gbólóhùn mẹ́ta ló rí sọ.

"Èmi ni mo tan rìmóòtù. Mi ò mú pẹ́ẹ̀gì. Ọkọ̀ bàbá yìí ò ṣe nǹkan kan."

Ẹnu ya ẹnì kan ní ẹ̀yìn, ó ní, "Eish." Magdalene gba pẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

"Mo bi ẹ́," ó ní. "Mo wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára mi, mo bi ẹ́. O wojú mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ní àgbàlagbà yìí ò ríran."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́."

Ó ń retí kí ẹnì kan bú u. Bí wọ́n bá bú u, á rí nǹkan dá padà, ó mọ ìyẹn ṣe. Wọn ò bú u. Ńṣe ni wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sáré fún oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n kó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa dúró ti pátákó, kó máa há pẹ́ẹ̀gì fún olúkúlùkù. Lẹ́yìn náà Magdalene tiro kọjá lára rẹ̀, ó lọ bá Sàlísù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ há pẹ́ẹ̀gì pupa mọ́ kọ́là bàbá náà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Sàlísù tẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ tó ká, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án, ó lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ ọkọ̀. Ó sáré. Ipò kẹta ló ṣe. Kò wo ìhà Dáramọ́lá lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n ń padà, Sàlísù ló ń wa mọ́tò. Dáramọ́lá ń dúpẹ́ nínú pé ó ti parí, pé ohun tó burú jù ti kọjá. Wọ́n ti wọ ìgboro nígbà tí róbọ́ọ̀tì, iná ojú títì, dá wọn dúró. Iná pupa.

"Wáyà éríà yẹn," Sàlísù ní. Iwájú ló ń wò. "Ta ló já a?"

Ẹ wò ó, níwájú ogún òyìnbó, èèyàn lè jẹ́wọ́. Ogunlọ́gọ̀ máa ń jẹ́ kí ìjẹ́wọ́ dà bí akin. Nínú mọ́tò, pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo tí kò tilẹ̀ wojú rẹ, kò sí akin níbẹ̀.

"Èmi ni, sà."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí ẹ lọ ṣe àlùwàlá."

"Mò ń fọ ara mi láti dojú kọ Ọlọ́run, ìwọ ń já wáyà mi." Kò gbé ohùn sókè. "Kí ló dé?"

"Mo rò pé bí mo bá rí nǹkan kan níbẹ̀, ara máa tù yín."

"Ara ta ni?"

Iná ti di àwọ̀ ewé. Mọ́tò kan fun fèrè lẹ́yìn wọn. Sàlísù ò tíì ṣípò.

"Ara mi," Dáramọ́lá ní. "Ara mi ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ìgbà yẹn ni mọ́tò tó lọ. Wọ́n kọjá òpópó méjì, bàbá náà ní:

"Lẹ́yìn tó o lọ tán, mo jókòó láti fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà náà padà mọ́ra. Mo há dígí sójú. Wáyà tó bá ti já lọ́sẹ̀ kan, ojú rẹ̀ á ti dúdú. Èyí ń dán bí eyín ọmọ tuntun, ibi tí ẹ̀mú ti bù ú jẹ sì wà lára rẹ̀, eyín ẹ̀mú tèmi, tó ṣẹ́ lápá kan láti ọdún tó kọjá. Mo rí gbogbo rẹ̀, Dáramọ́lá. Mo ti mọ̀ láti àná pé ojú mi ò tíì ṣú. Kì í ṣe nọ́ńbà ni mo wá dá padà lónìí. Mo gbé e lọ́wọ́ kí n lè mọ ohun tí ẹnu rẹ máa ṣe."

Dáramọ́lá fi iwájú orí kan gíláàsì fèrèsé. Ó tutù. Ìbá ṣe pé ilẹ̀kùn lè ṣí fúnra rẹ̀, kó dà á sójú títì!

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Mo gbọ́." Mo gbọ́ nìkan ló wí. "Kírísítà mi dà?"

Ó ṣí rìmóòtù lórí itan, ó yọ irin pẹlẹbẹ náà, ó nà án síwájú. Sàlísù gbà á, ó fi í sápò àyà, ó de bọ́tìnnì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé tí Dáramọ́lá ń gbé, ó dúró, kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Ra àwọ̀ mìíràn," ó ní. "Kí o sì gbé ọkọ̀ rẹ wá ní Sátidé, ó dọ̀tí. Ẹ̀mú tìrẹ ni kí o mú dání."

Ní ọjọ́ Ajé, Sàlísù ṣí ṣọ́ọ̀bù ní agogo mẹ́jọ. Ìyá Tesleem ti lọ kiri sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà láti àárọ̀ pé kí wọ́n dá aago wọn padà wá. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkùnrin kan gbé rédíò dé iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, ó dúró, ó fetí sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan àfi aago tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Ó yọjú sí Sàlísù.

"Bàbá, onírédíò ẹlẹ́nu yẹn dà? Ṣé ó ti kó lọ ni?"

Sàlísù, dígí lójú, mú ìṣó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ihò ná.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní. "Ẹ kanlẹ̀kùn."